Ibi Tí Ìyàwó Mi Ti Ń Kọ̀wé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àárò ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà ṣe ń sọni, ẹ lọ fẹ́ òǹkọ̀wé. Èmi fẹ́ ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ó bá wúkọ́ nínú yàrá, èmi ni ọ̀fun máa ń dùn. Síbẹ̀, ohun tí obìnrin yìí nílò jù láyé, mi ò ní in, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè kàn án pọ̀ fún un.

Káfíńtà ni mí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń fi ẹ̀rọ la pákó lọ́wọ́, mi ò gbọ́ nígbà tó kí mi. Ó di dandan kó wá dúró síwájú mi, kó máa juwọ́ bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró. Mo pa ẹ̀rọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Tábìlì ìkọ̀wé ni mo fẹ́."

"Irú èwo?"

"Irú èyí tí èèyàn á jókòó sí tí á sì rí nǹkan kọ."

Mo rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, tábìlì kì í báni kọ ọ́ o."

Mo rò pé yóò bá mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ fà ro. "Mo mọ̀," ló wí. "Mo ti jókòó sí oríṣiríṣi. Kò sí èyí tó gbọ́ tèmi."

Mo ní kó fìdí lé bẹ́ǹṣì kí n parí pákó tó wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí màá fi yíjú padà, ó ti fa ìwé yọ nínú báàgì, ó ń kọ. Èérún igi ti bo bàtà rẹ̀, ó ti bà lé irun rẹ̀, kò mọ̀. Mo dúró pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́. Mo wúkọ́, kò gbọ́. Nígbà tí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe, mo tan ẹ̀rọ padà, mo wá ń la pákó tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí pé kí n là.

Ìrọ̀lẹ́ lé e dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wo ojú ìwé tó ti kọ kún, ó tún wò mí bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀ níbi tí kò mọ̀.

"Ọ̀gá, ṣé mo lè padà wá lọ́la?"

"Tábìlì ò lè yá tó bẹ́ẹ̀ o."

"Mi ò sọ̀rọ̀ tábìlì."

Báyìí ló ṣe di ẹni tó ń wá lójoojúmọ́. Mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé, òun náà ń pè mí ní Káfíńtà. Nígbà tó yá ló ṣàlàyé ara rẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Bàbá ti kéde fún gbogbo ilé pé ọmọ òun ń kọ ìwé, kí ẹnikẹ́ni má pariwo.

"Màámi ń fọ abọ́ bí ẹni tó ń jí abọ́ gbé," ló wí. "Gbogbo wọn á máa yọ́ rìn. Bàbá mi ò ní tan rédíò, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ràn ìròyìn ju oúnjẹ lọ. Tí mo bá ti jókòó, mo kàn máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró dè mí. Mo lọ sí ilé ìkàwé, mo sùn lọ. Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, òfófó la fi ọjọ́ yẹn ṣe."

"Ariwo ibí ò wá dí ọ lọ́wọ́?"

"Ariwo ibí ò mọ̀ mí," ló fèsì. "Kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, mo sì ń fi í pamọ́ sínú ariwo. Mo ń ronú lórí ibùsùn pé ṣé èmi ni obìnrin yìí ń wá wò ni àbí ẹ̀rọ mi. Bí mo bá wo ojú ara mi nínú dígí, ẹ̀rọ ló máa ń borí.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bàjẹ́ ni mo mọ̀. Mo tú u kalẹ̀, mo fi ọwọ́ sí agbárí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú wá tì mí bíi pé mo pè é síbi oúnjẹ tí ìkòkò sì ṣófo.

"Akọ̀wé, má bínú," mo wí. "Kò sí ariwo lónìí."

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo ti gbọ́ látìta pé kò dún."

Ó sì wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, kò mú ìwé kankan jáde. A sọ̀rọ̀ títí òòrùn fi wọ̀. Mi ò rántí ìdajì ohun tá a sọ, ṣùgbọ́n mo rántí pé nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó gbọn èérún igi kúrò ní èjìká mi, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tètè kúrò níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹnu ayé kì í pẹ́ gbé e dé ilé bàbá ọmọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ rán sí mi. Nọ́ọ̀sì ni, gbogbo ìdílé wọn sì ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀ bíi pé mo gbé àìsàn wá.

"Ìwọ ni káfíńtà?"

"Èmi ni, mà."

"Jókòó."

Mo jókòó, nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò kọ́ ọmọ níwèé kó wá lọ máa gbé inú èérún igi. Wọ́n bi ọmọ náà nígbà àkọ́kọ́, ó ní kò sí nǹkan kan, ariwo lásán lòun ń wá gbọ́. Nígbà tí wọ́n tún bi í, ó dákẹ́, ó ń wolẹ̀. Ẹni tó ń wolẹ̀ yẹn ló gbé mi wá."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fò. "Kí lẹ wá sọ fún Bàbá, mà?"

"Mo ní ṣé ó burú kí ọmọ lọ́kọ tó lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀dì ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín." Òun náà ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ǹṣì mi wò, ó rí i pé kò mì. "Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀?"

"Apá mi ò ká a mọ́, mà."

"Hùn-ún. Wá rí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Má ṣe wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn wá."

Bí mo ṣe jókòó sí pálọ̀ bàbá rẹ̀ ni mo mọ ohun tí Akọ̀wé ń sọ. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ń wo ẹni lójú. Màmá rẹ̀ gbé omi tútù síwájú mi, ó yọ́ jáde. Bàbá tún ìgò ojú wọn ṣe.

"Ọmọ mi ń kọ ìwé," wọ́n wí.

"Mo mọ̀, sà."

"Ìwé kíkọ fẹ́ ìfọkànbalẹ̀. Ó fẹ́ ibi tó tòrò. Bó bá dé ilé rẹ, níbo ni yóò ti máa kọ ọ́?"

Mo wo Akọ̀wé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹtí rẹ̀. Mo mọ ìdáhùn tòótọ́. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á fọ̀nà hàn mí.

"Màá kọ́ yàrá fún un, sà. Yàrá tí ariwo ò ní rí ọ̀nà wọ̀."

Akọ̀wé la ẹnu, ó sì pa á dé. Ojú bàbá rẹ̀ tú ká fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí n sọ bí yàrá náà ṣe máa rí. Mo wá ń ṣàlàyé ògiri onípele méjì, fóòmù, ilẹ̀kùn tó nípọn, ẹnu mi ń lọ geere bí ẹni tí wọ́n sanwó iṣẹ́ fún. Kí n tó dìde níbẹ̀, wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ mi.

"Kí ló dé tó o sọ bẹ́ẹ̀?" Akọ̀wé bi mí nígbà tó sìn mí jáde.

"Ṣé kí n ní inú ariwo ni wàá máa gbé?"

"Òótọ́ kọ́ ni?"

"Ṣé wọn ì bá gbà?"

Ó ronú díẹ̀. "Wọn ò ní gbà láéláé." Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. A rò pé yàrá yẹn á wà fún bàbá rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á jẹ́ tiwa.

A ṣègbéyàwó. Mo kọ́ yàrá náà bí mo ṣe ṣèlérí, mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rárá. Tábìlì tó wá bá mi fún lọ́jọ́ kìíní wà láàárín rẹ̀, mo dán an títí ojú fi ń hàn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ wá wò ó, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí gbogbo wa pariwo níta. A pariwo bíi wèrè. Wọ́n jáde, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ pinpin, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyàwó mi ń bá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ti rẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí mo fi rí i pé ìwé rẹ̀ ń wà ní ṣíṣí ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Mo rò pé àwọn oníbàárà ni. Wọ́n á dé, wọ́n á ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá wa bẹ ọ̀gá kí wọ́n ṣojú àánú." Ẹlòmíràn á jókòó tì í, á máa ro ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ fún un. Mo gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ sẹ́yìn àwọn pákó níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i.

"Kì í ṣe tiwọn," ló wí fún mi nígbà tí mo tún rí i tó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ta ni, nígbà náà?"

Kò fẹ́ sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ ọ́, omi sì ti dé ojú rẹ̀ kó tó parí. "Nígbà yẹn, tí o bá ń kànṣó, òòlù lásán ni mò ń gbọ́. Nísinsìnyí, ìwọ ni mò ń gbọ́. Tí ẹ̀rọ bá dún jù, mo máa ń rò pé kó má lọ gé ọ lọ́wọ́. Tó bá dákẹ́, mo máa ń rò pé ó ti rẹ̀ ọ́, àbí ebi ń pa ọ́. Káfíńtà, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ nǹkan báyìí?"

Ó fẹ́ràn mi, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi kú. Mi ò lè ní kó má fẹ́ràn mi mọ́.

Ó wá kó lọ sínú yàrá tá a kọ́ fún bàbá rẹ̀. Ní àràárọ̀, á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, èmi náà á máa yọ́ rìn níta bíi màmá rẹ̀. Mo gbé tíì lọ fún un lọ́jọ́ kan, mo bá a tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé tábìlì, gègé lọ́wọ́, ìwé funfun. Kì í ṣe pé ó sùn. Ojú rẹ̀ là, ó ń wo ògiri.

"Mo gbọ́ bí o ṣe ń rora tẹlẹ̀ bọ̀," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan wálé, mò ń la pákó lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ kó lè gbọ́ ariwo. Kò gbọ́, nítorí mo ti ṣe ògiri náà dáadáa jù. Mo wá mú irin, mò ń lu ihò sí ògiri tí èmi fúnra mi fi fóòmù dí. Ó sáré jáde, ó di ọwọ́ mi mú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń rín, àfi bó ṣe di ẹkún. "Dákun fi í sílẹ̀," ló ń wí. "Dákun. Tí Bàbá bá wá ńkọ́?" A jókòó sílẹ̀ nínú eruku, mo gbá a mọ́ra. Mi ò ní ọgbọ́n kankan mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Á gbé báàgì rẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, á padà dé nírọ̀lẹ́, ara rẹ̀ á yá gágá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí ààrò. Ó tún ń fi ẹsẹ̀ tútù kàn mí lórí ibùsùn, á ní òun ń yá iná. Mo mọ̀ pé ó ti ń kọ̀wé.

"Níbo?" mo bi í.

Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ibì kan wà. Jọ̀wọ́, má bi mí. Tí o bá ti mọ ibẹ̀, màá tún máa gbọ́ ọ níbẹ̀."

Mo ní mi ò ní béèrè. Mi ò sì béèrè. Àǹtí rẹ̀, nọ́ọ̀sì yẹn, ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láìpè é, lọ́tẹ̀ yìí kò ní kí n jókòó.

"Ìyàwó ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́," ló wí. "Ojoojúmọ́. Mo yọjú wò ó. Kò tiẹ̀ rí mi."

Mo rọra ń yọ ìṣó lára pákó. "Ariwo ló ń wá, mà. Kò sí nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nípa tìẹ." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ohun tí kì í ṣe. "Kò sì purọ́ nígbà yẹn, àbí ó purọ́?"

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà kéré. Rédíò ń ké bọ́ọ̀lù tòò, àwọn ọkùnrin kan ń jiyàn lé e lórí, ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn. Ìyàwó mi wà ní igun, lórí àga oníke, ìwé lórí itan rẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ kanlẹ̀. Mo wọlé bí olè. Àga kan ṣófo, mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Inú dígí ni mo ti wá rí i dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré lórí ìwé. Mi ò rí ọwọ́ yẹn kó sáré báyẹn láti ìgbà tá a ti ṣègbéyàwó.

Onígbàjámọ̀ so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ojú rẹ̀ tutù, mi ò rí ìdí kankan láti kórìíra rẹ̀. Ó rí ibi tí ojú mi wà.

"Òǹkọ̀wé ni wọ́n," ló sọ sí mi létí. "Wọ́n ní ariwo ibí bá àwọn lára mu. Ẹni tó bá yí ohùn rédíò yẹn wálẹ̀, èmi àti ẹ̀ la máa jọ jà á."

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

"Mi ò mọ orúkọ wọn pàápàá. Mi ò béèrè. Mò ń bẹ̀rù pé tí mo bá béèrè, wọn ò ní wá mọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ìyàwó mi gbójú sókè. Ojú rẹ̀ bọ́ sínú dígí, ó bà lé mi gan-an. Mo di ọwọ́ àga mú. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó má rí mi, mo tún ń bẹ̀ ẹ́ kó rí mi. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wo ògiri tó sì ń wá ọ̀rọ̀ kan. Ó tún tẹrí ba, ó ń kọ ọ́ lọ.

Ẹ̀rọ ti dákẹ́ lórí mi. Mo wo onígbàjámọ̀ nínú dígí. Ó ń rẹ́rìn-ín kékeré kan síra rẹ̀. Ó rò pé òun ni obìnrin náà wò.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú ara mi sì ṣe mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi náà, ó máa ń gbójú sókè wò mí báyẹn. Mo máa ń gbé ìwò náà relé, màá fi í sùn, màá fi í jí. Ìwò yẹn ló kó sí mi lórí tí mo fi lọ bá bàbá oníbàbá ṣèlérí yàrá. Ó wá jẹ́ pé kò rí ẹnikẹ́ni nígbà yẹn.

Mo lè sọ ọ́. "Ìyàwó mi ni." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onígbàjámọ̀ á tọrọ àforíjì, á gbé àga tó dáa fún un, á yí ohùn rédíò wálẹ̀ fún ìyàwó oníbàárà, ibẹ̀ á sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Á padà sídìí tábìlì mi tó ń dán, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, màá dìde, màá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín síra rẹ̀.

"Ó ti dáa, ọ̀gá," onígbàjámọ̀ wí. "Ẹ wò ó."

"Gé e sí i," mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ.

"Sí i?"

"Gé e sí i."

Mi ò fẹ́ dìde ni. Tí irun bá ṣì wà lórí mi, mo ní ìdí láti jókòó kí n máa wò ó. Mo sọ pé kó gé e sí i títí ó fi dá ẹ̀rọ dúró.

"Ó ti tán, ọ̀gá. Àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n máa gé agbárí."

Gbogbo àwọn tó ń jiyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò gbórí sókè. Mo sanwó, mo jáde.

Ó dé nírọ̀lẹ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó rí mi, ó pàtẹ́wọ́. "Irun dà? Káfíńtà, ta ló fá ọ lórí báyìí?" Ó wá jókòó tì mí, ó fa orí mi mọ́ àyà, ó ń fọwọ́ pa á. Aṣọ rẹ̀ ń rùn páúdà ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọrùn mi náà ń rùn ún.

"Ooru ló mú mi," mo wí. "Mo rí onígbàjámọ̀ kan nígboro."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò pẹ́ púpọ̀ kó tó tún máa pa orí mi lọ, ṣùgbọ́n ó dúró.

"Ó mọṣẹ́," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ó mọṣẹ́."

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n kó tó bi í.

"Ṣé wàá tún padà síbẹ̀?"

Mo ní irun mi máa pẹ́ kó tó hù.